Ọmọ ń sáré lókè, ará ìsàlẹ̀ ń fi igi kan àjà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin òbí

Ìyá Ọmọ Méjì:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Ọmọ méjì ni mo ní, ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rin àti obìnrin tí kò tíì pé ọdún méjì. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la wà, tọkọtaya àgbàlagbà kan ló ń gbé abẹ́ wa. Àtìgbà tí ọmọbìnrin mi ti mọ ìrìn ni wàhálà ti dé. Wọ́n á fi igi kan àjà gbọ̀ngbọ̀n, wọ́n á ti ìwé bọ abẹ́ ilẹ̀kùn, nígbà tó yá wọ́n pe onílé sí i. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn ọmọ ń sáré látàárọ̀ dalẹ́. Mi ò lè ní irọ́ ni wọ́n pa, àwọn ọmọ ń sáré lóòótọ́, àmọ́ kí aago mẹ́jọ alẹ́ tó lù, wọ́n ti sùn.

Ní báyìí, iṣẹ́ mi nínú ilé ò ju "ẹ dákẹ́, ẹ rọra, ẹ sọ̀kalẹ̀" lọ. Ìjẹta ni ọmọkùnrin mi bi mí pé ṣé bàbá ìsàlẹ̀ máa wá gbé òun lọ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí irú èyí ti kàn rí, kí lẹ ṣe? Mi ò fẹ́ bá àgbà fa ọ̀rọ̀, mi ò sì lè so ọmọ mọ́ àga.

Bàbá Ìbejì:

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Kí ẹ tó ra kápẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó bẹ ẹnikẹ́ni, ẹ lọ fi etí ara yín gbọ́ ariwo náà. Ẹ kan ilẹ̀kùn wọn lọ́sàn-án, lásìkò tí inú ò bí ẹnikẹ́ni, ẹ ní ẹ fẹ́ jókòó díẹ̀ sí pálọ̀ wọn. Kí bàbá àwọn ọmọ dúró tì wọ́n lókè, kí wọ́n máa ṣeré bí wọ́n ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ohun tó ń dún létí wa lókè àti èyí tó ń dún létí wọn nísàlẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Igbe lèmi ń bá àwọn ìbejì mi jà sí. Ìgbà tí mo jókòó sísàlẹ̀, mi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ igbe rárá. Gìrìgìrì ẹsẹ̀ ni mo gbọ́, àti àga ìdí tábìlì kan tí a máa ń wọ́, tó ń han gooro gba gbogbo àjà wọn kọjá. Rọ́bà tí a fi wọ àga yẹn lẹ́sẹ̀ ló pa ìdajì ẹjọ́.

Àǹfààní kan tún wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í kà sí. Ẹni tó ti gbà yín lálejò, tí ẹ jọ gbójú sókè, tí ẹ jọ gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ yín, ọwọ́ rẹ̀ kì í tètè lọ sídìí igi mọ́.

Ará Ìsàlẹ̀:

Ẹ jẹ́ kí n gbẹnu sọ fún àwa tí a wà lábẹ́. Alẹ́ ni mo ń ṣiṣẹ́, ọ̀sán ni mo ń sùn, ìdílé ọlọ́mọ mẹ́ta ló sì wà lórí mi. Ohun tó ń pa mí nínú ariwo náà ni àìmọ ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó máa parí. Kódà bí ilé bá dákẹ́, ọkàn mi kì í balẹ̀, mo á kàn dùbúlẹ̀ máa retí èyí tó ń bọ̀ ni. Ọjọ́ tí ìyá wọn wá bá mi pé aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lòun ń fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n ṣeré bó ṣe wù wọ́n, pé láti aago kan sí mẹ́ta wọ́n á sùn tàbí kí òun mú wọn jáde, oorun kùn mí lọ́jọ́ náà. Ariwo ò fi bẹ́ẹ̀ dín kù o. Mo kàn ti mọ ìgbà tí mo lè sùn.

Ohun tó máa ń bí mi nínú ni kéèyàn lọ kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú sùúrù, kí wọ́n ní "ọmọdé ni wọ́n, kí lẹ fẹ́ ká ṣe?" Mo mọ̀ pé ọmọdé ni wọ́n. Àgbà tó wà pẹ̀lú wọn ni mo wá bá.

Ọ̀rọ̀ Ò Pọ̀:

Ọmọdé tí kò pariwo, àìsàn ló ń ṣe é. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ọmọ, kó lọ kọ́lé sáàárín igbó.

Ará Ìsàlẹ̀:

Ẹ ṣeun, ẹ ti bá mi fi àpẹẹrẹ ohun tí mò ń wí hàn.

Bíríkìlà Àgbà:

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé, torí owó gidi làwọn èèyàn ń ná sórí ohun tí kò lè ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ọ̀nà méjì ni ariwo ń gbà dé ilé ẹlòmíràn. Ọ̀kan gba inú afẹ́fẹ́: igbe, orin, ẹ̀rín, tẹlifíṣọ̀n. Èkejì gba ara ilé fúnra rẹ̀: ẹsẹ̀ tó ń lu ilẹ̀, bọ́ọ̀lù, àga tí wọ́n ń wọ́, ilẹ̀kùn tí wọ́n gbá dé. Dẹ́kì kọnkéré wúwo, ìwúwo yẹn sì máa ń dí ohùn ẹnu lọ́nà dáadáa. Ìdí nìyẹn tí Bàbá Ìbejì ò fi gbọ́ igbe. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá ti lu dẹ́kì, awọ ìlù ló dà yẹn, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ti lù ú, abẹ́ ló ti ń dún. Ìró náà tún máa ń gba inú ògiri lọ sí ẹ̀gbẹ́, ó lè dé ilé tí kò sí lábẹ́ yín tààrà. Ilé tí wọ́n fi pákó tẹ́ dẹ́kì rẹ̀ ló burú jù, torí pé ó fúyẹ́, àti ẹsẹ̀ àti ohùn ló ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Nítorí náà, fóòmù gbágungbàgun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri, irú èyí tí àwọn olórin ń lò níbi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, ẹ fi owó yín pamọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ohùn má máa ta padà nínú yàrá tí ẹ wà. Kò lè dí i lọ́nà kó má kọjá sí ilé kejì. Ohun tó ń gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ dẹ́kì ni nǹkan rírọ̀ tó nípọn. Kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tẹ́ fóòmù tàbí rọ́bà sábẹ́ rẹ̀ dára ju kápẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ jìnnà. Kò pọndandan kó gba gbogbo ilé. Ẹ wo ojú ọ̀nà tí àwọn ọmọ ń gbà sáré, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́ torí pé ó gùn, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ́. Fóòmù olójú mẹ́rin tí a ń so pọ̀ mọ́ra wọn dára fún igun tí wọ́n ti ń ṣeré. Ẹ wá nǹkan rírọ̀ lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ gbogbo àga, ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀, torí pé ó máa ń jẹ. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ lára férémù ilẹ̀kùn kì í jẹ́ kó dún gbàmù.

Ibì kan wà tí kápẹ́ẹ̀tì ò ti lè gbà yín. Ọmọ tó bẹ́ láti orí àga sílẹ̀, ìró "gbì" wúwo yẹn ń gba inú ohunkóhun tí ẹ bá tẹ́ kọjá. Tá-tá-tá ẹsẹ̀ ni kápẹ́ẹ̀tì ń pa. Ti gbì, ẹ gbé e lọ sórí mátírẹ́ẹ̀sì nínípọn tàbí kí ẹ mú un jáde síta.

Ẹ tún wo bí yàrá ṣe tò. Nínú ọ̀pọ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, bó ṣe rí lókè ló rí nísàlẹ̀. Bí ẹ bá mọ yàrá tí àwọn àgbà yẹn ń sùn sí, ẹ gbé àpótí ohun ìṣeré kúrò lórí rẹ̀ lọ sórí ilé ìdáná wọn. Ibi tí ohun ìṣeré wà ni ọmọ ń wà. Èyí ò ní owó nínú rárá, síbẹ̀ òun ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé.

Ẹni tí ẹ bá jọ pín ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ńkọ́? Kọ́bọ́ọ̀dù tó kún fún aṣọ tàbí ìwé á ṣe díẹ̀ níbẹ̀, ó kéré tán ọmọ ò ní lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ọn. Ẹ má gbé tẹlifíṣọ̀n àti sípíkà ti ògiri yẹn.

Òbí Tuntun:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé ariwo ti pọ̀ jù? Fóònù mi ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ariwo.

Bíríkìlà Àgbà:

Ti fóònù ò péye tó láti fi bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́, àmọ́ ẹ lè fi wo bóyá òní sàn ju àná lọ. Dẹ́síbẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ariwo. Bó bá fi 10 dín kù, etí á gbọ́ ọ bíi pé ó ti dín sí ìdajì, nítorí náà ẹ má fojú kéré 5 tàbí 6. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 1999 lórí ariwo àdúgbò, wọ́n ní kí ariwo inú yàrá tí a ń sùn sí má ju dẹ́síbẹ̀lì 30 lọ ní ìpíndọ́gba lóru, kí ìró kọ̀ọ̀kan tó bá ṣàdédé dún má sì ju 45 lọ. Ti ìkejì yẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn. Òru lè dákẹ́ rọ́rọ́, kí gbì kan ṣoṣo jí àgbàlagbà, kó má lè sùn mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Olùkọ́ Jẹ́lé-ó-sinmi:

Ẹ̀gbọ́n Bíríkìlà ti tún ilé ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ tó wà nínú rẹ̀.

Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé tọdún 2019 fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sọ pé ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin yẹ kó máa lo ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 180 ó kéré tán lóòjọ́. Wákàtí mẹ́ta gbáko nìyẹn. Fún ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin, ìṣẹ́jú 60 nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ eré tó gba agbára, irú èyí tó ń mú ọmọ mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyá Ọmọ Méjì, ọmọkùnrin yín kì í ṣe ọmọ burúkú, wákàtí mẹ́ta tirẹ̀ ló ń wá. Bí kò bá rí i níta, orí àjà bàbá ìsàlẹ̀ ni yóò ti gbà á.

Àsìkò ló wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń mú ọmọ jáde lẹ́yìn tó ti sáré títí nínú ilé, tí ẹjọ́ ti dé. Ẹ mú un jáde ṣáájú wákàtí tí àwọn ará ìsàlẹ̀ ń sinmi. Kó wọlé pẹ̀lú àárẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé omi, amọ̀ ìṣeré, bébà àti kírayọ́nù síwájú rẹ̀.

"Má sáré" lásán kì í wọ etí ọmọ ọdún mẹ́rin bí ẹ ò bá sọ ohun tó máa ṣe dípò rẹ̀. "Ó yá, jẹ́ ká yọ́ ìrìn, ká wò ó bóyá àbúrò á gbọ́ ẹsẹ̀ wa" ló ń wọ̀ ọ́ létí, torí pé eré ni. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì ní tirẹ̀, òfin tí ẹ ṣe láàárọ̀, ó ti gbàgbé rẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀ tán. Ẹ má bá a jà. Ibi tó wà ni kí ẹ tún ṣe. Bàtà inú ilé tí abẹ́ rẹ̀ rọ̀ dára fún un. Ibọ̀sẹ̀ lásán lórí táìsì á kàn máa yọ̀ ọ́ ṣubú ni.

Ohùn àgbà ló ń gbé ohùn ọmọ sókè. Bí ẹ bá pè é láti ilé ìdáná, bí ẹ ṣe pè é ni yóò ṣe dáhùn. Ẹ rìn lọ bá a. Tẹlifíṣọ̀n tí ẹnikẹ́ni ò wò, ẹ pa á, gbogbo ilé ló ń pariwo kí ohùn wọn lè borí rẹ̀.

Igbe tó le jù nínú ọjọ́ sábà máa ń jẹ́ nígbà tí eré fẹ́ parí: ìwẹ̀ dé, ìrìn àjò dé, oorun dé. Ẹ kì í ṣàdédé já nǹkan gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́, eré sì ni iṣẹ́ ọmọdé. Ẹ sọ fún un ṣáájú: "Tí o bá to èyí tán, ìwẹ̀ ló kàn." Kò ní ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, àmọ́ á ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tó pọ̀.

Fún ọjọ́ tí ẹ ò lè jáde, eré wà tó ń gba agbára tí kì í dún. Kó máa kó ìwé wúwo láti yàrá kan sí èkejì. Kó fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri bíi pé ó fẹ́ bì í wó. Kí ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e láti àyà dé ẹsẹ̀, kí orí wà níta, kó máa yí gbirigbiri lórí kápẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ kíláàsì mi fẹ́ràn èyí jù, ẹ ò ní gbàgbọ́ bí ó ṣe ń mú wọn rọlẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi bàbá ìsàlẹ̀ dẹ́rù ba ọmọ yẹn. "Má jẹ́ kí bàbá ìsàlẹ̀ gbọ́ o" lásán ni lẹ́nu wa, àmọ́ ọmọ ti lọ fi ìyókù kún un fúnra rẹ̀. Ẹ sọ fún un gbangba pé kò sẹ́ni tó máa gbé e lọ, pé bàbá náà kàn ń sinmi ni. Bí ẹ bá pàdé wọn lórí àtẹ̀gùn, ẹ jẹ́ kó kí wọn.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì:

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ti ara ni mo fẹ́ fi kún un.

Ọmọ tí ohùn rẹ̀ ń ga nígbà gbogbo, tí ń yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè, tí kì í dáhùn bí ẹ bá pè é láti ẹ̀yìn, ẹ má tètè pè é ní olórí kunkun. Ẹ mú un lọ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Omi lè dúró sẹ́yìn ìlù etí ọmọdé, pàápàá lẹ́yìn ọ̀fìnkìn, láìsí ìrora rárá, kó má sì jẹ́ kó gbọ́ràn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà ó ń lọ fúnra rẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀ sí i.

Ọmọ tó ké tòò láàárín òru, bíi wákàtí kan sí mẹ́ta lẹ́yìn tó sùn, tí ojú rẹ̀ là sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò mọ̀ yín, kò tíì jí o. Ẹ má gbìyànjú láti jí i, ẹ má jágbe mọ́ ọn. Ẹ dúró tì í kó má fara gbá nǹkan, á padà sùn, kò sì ní rántí lọ́la. Ọmọ tí oorun rẹ̀ ò tó ló máa ń ṣe jù. Ọmọ ọdún kan sí méjì nílò oorun wákàtí 11 sí 14 láàárín ọjọ́ kan, ti ọdún mẹ́ta sí márùn-ún jẹ́ 10 sí 13, tọ̀sán tòru.

Fún ẹni tó bá ní ìkókó: igbe ìkókó máa ń pọ̀ sí i láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, á dé góńgó ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, á sì rọlẹ̀ ní bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Ìrọ̀lẹ́ àti alẹ́ ló sábà máa ń le jù. Ẹ sọ èyí fún aládùúgbò yín. Ẹni tó bá mọ̀ pé ó ní ìgbà tó máa dẹ̀ máa ń ní sùúrù ju ẹni tó rò pé títí láé ni. Bí igbe bá ti kọjá agbára yín, tí ògiri sì ń dún gbọ̀ngbọ̀n láti ẹ̀gbẹ́, ẹ tẹ́ ọmọ sí ibùsùn rẹ̀ lórí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ jáde, ẹ ti ilẹ̀kùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ mí. Ẹ má gbọn ìkókó jìgìjìgì láéláé. Ó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́, ó lè pa á. Ẹjọ́ aládùúgbò kankan ò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ tí ń dún ṣìì bí òjò láti mú ọmọ sùn, bí ẹ bá ní in, ẹ gbé e jìnnà sí ibùsùn, ó kéré tán mítà 2, kí ohùn rẹ̀ wà nílẹ̀. Àwọn kan nínú wọn lè dún débi tó lè pa etí ọmọ lára bí wọ́n bá wà nítòsí.

Ìyá Ọmọ Kan Ṣoṣo:

Gbogbo ohun tí ẹ sọ dára, àmọ́ ọmọ tèmi ní ọ́tísíìmù. Fífò ló fi ń tu ara rẹ̀ lára, kì í ṣe eré. Bí mo bá dá a dúró, ohun tó máa tẹ̀lé e burú ju fífò lọ. Ohun tó gbà wá ni mátírẹ́ẹ̀sì méjì tí a to léra wọn sí igun kan, lórí kápẹ́ẹ̀tì, tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni ibi fífò. Ó pẹ́ kó tó mọ́ ọn lára. Mo sì lọ bá àwọn ará ìsàlẹ̀, mo sọ bó ṣe rí fún wọn.

Ọ̀rọ̀ Ò Pọ̀:

Kí ló kan aládùúgbò nínú àìlera ọmọ yín? Èmi ò lè sọ ọ́ fún wọn láé.

Ìyá Ọmọ Kan Ṣoṣo:

Ẹ̀tọ́ yín ni. Èmi sọ ọ́ torí pé wọ́n ti ń rò pé mo ń wò ó níran ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ dárúkọ rẹ̀ lè sọ pé "ọmọ mi nílò láti máa fò, dókítà mọ̀ sí i, ibi tí a ti ń ṣe é rèé, àsìkò rẹ̀ rèé." Ó tó.

Ìyá Ọmọ Méjì:

Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti gbé àpótí ìṣeré kúrò nínú yàrá iwájú. Ìbéèrè méjì ló kù. Àkọ́kọ́, wọ́n kan àjà lọ́jọ́ tí a ò sí nílé rárá, ẹni tí ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ló sọ fún mi. Kí ni kí n ṣe sí ìyẹn? Ìkejì, mo fẹ́ kọ ìwé sí wọn, torí pé ojú ń tì mí láti lọ bá wọn báyìí tí onílé ti dá sí i. Kí ni kí n kọ?

Alága Ayálégbé:

Ti àkọ́kọ́ ni èmi máa dáhùn. Ẹ ní ìwé kékeré kan. Bí wọ́n bá ti kàn án, ẹ kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀, ẹ kọ ohun tí àwọn ọmọ ń ṣe nígbà náà, àti bóyá ẹ wà nílé. Ẹ má kọ èébú sí i, torí pé ìwé yẹn lè di ohun tí ẹlòmíràn máa kà. Ẹ̀gbọ́n Bíríkìlà ti sọ ọ́ pé ìró ń gba inú ògiri rìn. Ó lè jẹ́ ilé tó wà lórí tiyín, tàbí páìpù omi, tàbí ẹni ẹ̀gbẹ́ tí ń gún nǹkan. Bí àkọsílẹ̀ tiyín àti tiwọn bá pàdé lórí tábìlì, ẹ jọ máa rí ohun tó jẹ́ tiyín àti ohun tí kì í ṣe tiyín. Ẹ gba èyí tó jẹ́ tiyín láìjiyàn, wọ́n á fetí sí ìyókù.

Ẹ wo ìwé àdéhùn ilé yín pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ló ní wákàtí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nínú, ẹ̀yin àti onílé ò gbọ́dọ̀ máa méfò rẹ̀. Bí onílé bá pè yín, ẹ bi í léèrè ohun tí wọ́n sọ gan-an: yàrá wo, aago wo. "Ariwo pọ̀" kò ṣeé tún ṣe. "Ọ̀dẹ̀dẹ̀, aago mẹ́fà àárọ̀" ṣeé tún ṣe. Bí ó bá sì di ìhàlẹ̀, tàbí tí ẹnìkan ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ lórí àtẹ̀gùn, ẹ má dá lọ bá a, ẹ má mú ọmọ dání lọ. Ẹ fi ìwé sọ fún onílé. Bí ẹ̀rù ààbò bá wà, ọlọ́pàá ló kàn.

Ará Ìsàlẹ̀:

Ẹ jẹ́ kí n bá yín kọ ìwé náà, èmi tí wọ́n máa ń kọ irú rẹ̀ sí. Ẹ má jẹ́ kó gùn. Ẹ má kọ "ẹ forí jì wá" lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ohun tí ẹ fẹ́ ṣe má sí nínú rẹ̀. Irú èyí ni mo fẹ́ kà:

"Ẹ kú ilé, bàbá àti màmá. Àwa ará òkè yín ni. A mọ̀ pé ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ń dé ọ̀dọ̀ yín. A ti gbé ibi ìṣeré wọn kúrò lórí yàrá yín, a ń tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Wọ́n máa ń jí ní aago mẹ́fà ààbọ̀, wọ́n ń sùn kí aago mẹ́jọ tó lù. Ẹ jọ̀wọ́, wákàtí wo lẹ máa ń sinmi lọ́sàn-án? À á gbìyànjú láti mú wọn jáde nígbà náà. Nọ́ńbà fóònù wa rèé. Ẹ pè wá dípò kí ẹ kan àjà, torí pé ó ń dẹ́rù ba ọmọ wa àgbà."

Ìlà tó parí yẹn, ẹ má yọ ọ́. Ọ̀pọ̀ wa tí ń kan àjà ò rò ó pé ọmọ ló ń gbọ́ ọ, a rò pé òbí ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹ padà lọ bi wọ́n bóyá ó ti sàn. Mi ò tíì rí òbí kan tó padà wá bi mí. Èyí tó bá wá, mo lè bá a gbé ọmọ rẹ̀ dání.

Ìyá Ọmọ Méjì:

Ẹ ṣeun gan-an ni, màá dà á kọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Bíríkìlà, ọ̀kan péré ló kù: ilẹ̀kùn tó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ilẹ̀. Ṣé kápẹ́ẹ̀tì nínípọn á lè gba abẹ́ rẹ̀?

Bíríkìlà Àgbà:

Kò ní gbà á. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn náà tán, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ilẹ̀ ibi tí ẹnu rẹ̀ ń gbà kọjá, kí kápẹ́ẹ̀tì àti fóòmù abẹ́ rẹ̀ parí síwájú ìlà yẹn. Ẹ fi gọ́ọ̀mù olójú méjì lẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa kí ọmọ má fẹsẹ̀ kọ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kó wọlé dé yàrá, káfíńtà lè yọ ilẹ̀kùn, kó fi páláńnì gé díẹ̀ kúrò nísàlẹ̀ rẹ̀, àmọ́ ẹ gba àṣẹ onílé kí ó tó ṣe é. Kí ó má gé e ju bó ṣe yẹ lọ o, torí pé àlàfo abẹ́ ilẹ̀kùn ni igbe máa gbà jáde sí àtẹ̀gùn.